Súlè, Yọ Fídíò Ẹja Yẹn Kúrò

Ìlọrin,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Súlè ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Mo gba fóònù Sìfáwù fi pè ọ́, o gbé e, bí o ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí lo pa á. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé nìyẹn. Sìfáwù ló máa yà á ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Kà á dópin. Má fò ó.

Ọ̀rọ̀ fídíò ẹja ni. Èyí tí ọmọbìnrin kan ti ń ké lẹ́bàá odò Ásà, tí omi ti pọ́n, tí ohùn ọkùnrin kan wá ń sọ pé ìjọba àti àwọn òyìnbó jọ ń sin ẹja apanijẹ ní ìkọ̀kọ̀, pé ẹja náà ti já wọnú odò. Orúkọ ẹnì kankan ò sí lára rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré ni. Nígbà tí ìyá rẹ kọ́kọ́ rí i, ó fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní, "Àrọ̀ ni èyí." Ó fi ìka kan irùngbọ̀n ẹja náà. Ó ní eyín òòyà oníke ni wọ́n gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí mo wò ó tán ni mo rí abọ́ tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà: abọ́ ìyá rẹ ni, tí iná ti jó létí. Ohùn yẹn ńkọ́? O fi imú sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ.

Géètì aláwọ̀ ewé tí o yà níparí, tí o ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ín, ṣé o mọ ẹni tó ni ín? Ọkùnrin tó ń sin àrọ̀ ni. Àlejò ni láàárín wa, Yorùbá ò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Lálẹ́ àná, àwọn ọmọ sọ òkò lu géètì náà. Àwọn àgbà dúró, wọn ò sọ pé kí wọ́n má sọ ọ́. Súlè, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ pa ọkùnrin yẹn.

Ìyá Àgbà ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ewúrẹ́ ti bí. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, a gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Owó oògùn Ìyá Àgbà tí o ní o máa fi ránṣẹ́ ò tíì dé, ibi tó wọlé sí sì ti yé mi báyìí. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú.

Ọjà ò tà ní Ìpàta. Ìyá rẹ gbé ẹja yíyan lọ, ó gbé e bọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ẹja tó ti jẹ ènìyàn, àwọn ò lè fi se ọbẹ̀ fọ́mọ. Ó ní Jẹ́bà lòun ti rà á, inú Ọya ni wọ́n ti pa á, wọ́n ní odò ni gbogbo odò. Àwọn kan ò tilẹ̀ mu omi ẹ̀rọ mọ́, torí pé ìsédò Ásà ni omi ìlú ti ń wá. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń rà. Tálákà tí kò lówó omi inú ọ̀rá ńkọ́? O ò ro ìyẹn.

Mi ò ní kí o má ṣe fíìmù. Ta ló gbé fíìmù wọlé yìí bí kò ṣe èmi? Nígbà tí mo ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò yá ènìyàn, orí itan mi lo jókòó sí tí a jọ wo Jaws, fíìmù ẹja ṣáàkì apanijẹ tí Steven Spielberg ṣe lọ́dún 1975. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó ní owó táṣẹ́rẹ́ ló ń wá ẹja tirẹ̀. Èyí tí ìwọ yàn láàyò ni Piranha ti 1978, fíìmù ẹja kéékèèké eléyín mímú, tí Joe Dante darí, tí Roger Corman gbé jáde. Owó ò tó wọn. Ẹja rọ́bà ni wọ́n fi igi gún, tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn nínú omi. Mo sọ fún ọ, o wá ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn ṣáá, ò ń wá igi. Ìyá rẹ ní o máa ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ọmọ tó ń wá igi kò ní di ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ.

Ibẹ̀ náà lo ti mú ìtàn rẹ. Nínú fíìmù náà, àwọn ológun Amẹ́ríkà sin ẹja ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n lè dà á sínú odò Vietnam. Ogun parí, ẹja ò parí. Àwọn méjì tí kò mọ ohun tó wà nínú adágún ṣí omi rẹ̀ dànù, ẹja gba odò lọ, ibùdó àwọn ọmọdé sì wà nísàlẹ̀ odò. Ọ̀gágun àti ẹni tó ní ibùdó ìgbafẹ́ ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wò ó nígbà náà ní ìdí láti gbà á. Ní 1974 ni Nixon, ààrẹ wọn, fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí àṣírí rẹ̀ tú. Ogun Vietnam parí ní 1975. Ẹni tí ìjọba bá ti purọ́ fún rí kì í béèrè ẹ̀rí púpọ̀. Àwa náà, wọ́n ti purọ́ fún wa, ìdí nìyẹn tí fídíò rẹ fi ràn bí iná ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wo Piranha ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé eré lòun wá wò. Orúkọ òṣèré wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó darí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ, o gé orí fíìmù, o gé ìrù rẹ̀, o ju àárín sí ìgboro. Peter Benchley, tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe Jaws, kábàámọ̀ rẹ̀. Títí tó fi kú ní 2006 ló ń bá àwọn ènìyàn jà kí wọ́n yé pa ẹja ṣáàkì. Ẹja nìyẹn o. Ènìyàn ni ìwọ nawọ́ sí.

Ó yẹ kí o rántí 2003. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá ajẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, wọ́n ní òyìnbó fi oògùn àìrọ́mọbí sínú rẹ̀. Àrùn náà gbilẹ̀, ó kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ ló fi ẹsẹ̀ san án.

Ó ní nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Ìyá rẹ pàápàá, ìdajì ló gbọ́. Lọ́dún 1990, nígbà tí wọ́n ń pariwo káàkiri pé àwọn kan ń fọwọ́ kan ọkùnrin, tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ń pòórá, mo wà ní gáréèjì kan. Ọkùnrin kan béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó dúró níwájú mi. Ọmọ náà dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ló gbá ṣòkòtò ara rẹ̀ mú, ó figbe ta. Ojú mi ló ṣe. Ọkùnrin yẹn ò fọwọ́ kàn án. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré dé mọ̀ mí, wọn ì bá gbọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀. Mo gbé báàgì mi, mo wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń jáde ni mo bojú wẹ̀yìn, mo rí bàtà rẹ̀ kan lórí títì, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ò jẹ́ kí n rí òun fúnra rẹ̀. Mi ò padà béèrè.

Mo ti kírun lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti gbààwẹ̀. Bàtà náà ò kúrò lójú mi. Nítorí náà, má rò pé mo dúró sórí òkè kan tí mo ń bá ọ wí. Ohun tí mo mọ̀ ni bó ṣe ń rí tí ọ̀rọ̀ tó lè gba ènìyàn là bá wà lẹ́nu ẹni, tí a sì gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà mí, Súlè. Kí wọ́n má lọ pa ọkùnrin yẹn.

Yọ fídíò náà. Yíyọ nìkan ò tó, ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ṣe òmíràn. Jókòó síwájú kámẹ́rà, sọ orúkọ rẹ, sọ pé ọmọ mi ni ọ́. Mú àrọ̀ kan lọ́wọ́. Fi òòyà tí o gé hàn wọ́n, fi gọ́ọ̀mù tí o fi lẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n, àti aró tí o dà sómi. Sọ pé ńṣe lo kàn ń kọjá tí o ya géètì yẹn, pé o ò wọlé rí, pé o ò mọ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá bú ọ, jẹ́ kí wọ́n bú ọ. Ó sàn kí wọ́n bú ọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Ìyá rẹ tó ti ń ta ẹja kó tó bí ọ, o dẹ́rù bà á, kì í ṣe kékeré. Bí èyí bá parí, tí o ṣì fẹ́ ṣe fíìmù ẹja, wá sílé ká jọ rò ó. Òjíjí wà nínú odò wa, tó ń gbọ̀n ènìyàn lọ́wọ́ láìní eyín kankan. Ẹja eléyín ṣóńṣó tí wọ́n ń pa nínú Ọya wà. Piraná ò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Fún odò náà lórúkọ tìrẹ, kọ orúkọ rẹ sí i gàdàgbà, èmi náà máa fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ mi sí i. Ìyá rẹ ní ṣé o ń jẹun? Ó ní nínú fídíò yẹn, ọwọ́ tó di ẹja mú ti gbẹ jù.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mò ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Mo máa gbé àga sẹ́nu géètì rẹ̀, mo máa jókòó síbẹ̀. Títí di Ìṣáì, mi ò ní dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn Ìṣáì, bí fídíò kejì ò bá tíì dé, èmi fúnra mi ló máa sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ mi ló ṣe é.

Bàbá rẹ.