Lẹ́tà sí Bísí: àwọn tó yè ńkọ́?

Ìbàdàn

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Họ́lándì lọ́hùn-ún? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Ìyá wa l'Ọ́jẹ́ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n ti ń ríran, wọ́n ní kí n kí ọ. Káyọ̀dé ti gbéyàwó. Ọ̀nà Yemẹ́tù ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé o rántí àwọn ìbéèrè tí o ní ẹ ń fún aboyún níbi iṣẹ́ yín: nígbà tí oyún ṣì kéré, nígbà tí ìbí bá ń sún mọ́lé, lẹ́yìn ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, ní oṣù 6? Tí ìyá ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ sọ bí ara àti ọkàn òun ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú òun? A ti ń dán díẹ̀ wò ní kíníìkì wa. Ìbéèrè 10 tí wọ́n ń pè ní ti Edinburgh, tí wọ́n fi ń mọ ìyá ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, la mú, a ń fi Yorùbá bi àwọn tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6.

O mọ àwọn èèyàn wa. O ní "ẹ kú ewu ọmọ", wọ́n á ní "ewu iná kì í pa àwòdì", ó parí. Ìyá kan wà tó máa ń lé orin fún wa nígbà tó wà nínú oyún. "A dúpẹ́" lòun náà kọ́kọ́ ń sọ. Nígbà tí mo dé ìbéèrè ìkẹwàá, bóyá ó ti ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó tú ọ̀já, ó tún un dè, ó tún un tú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní bínú?" Bísí, ara mi bù máṣọ.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, a gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan, ibẹ̀ ló bí sí. Wọ́n rán ojú ara rẹ̀ láìfún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún, wọ́n tún ń jágbe mọ́ ọn pé kó yé pariwo. Látìgbà náà, bí ọmọ sùn, òun ò lè sùn. Ìyá agbẹ̀bí ní míṣọ̀n tó ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ wá ń sọ fún mi pé látinú oyún ló ti ń sunkún. Wọ́n mọ̀ níbẹ̀, àwa ò mọ̀, ọsibítù ò mọ̀. "Ìyá àti ọmọ wà dáadáa" ló wà nínú káàdì. Mo bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an, a ò jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó ti ń jẹun báyìí, ọpẹ́ ni f'Ólúwa.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbí pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. À ń ka àwọn tó kú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yè, tí wọ́n gbé irú èyí sínú, ta ló ń bi wọ́n?

Mo pe ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, kíníìkì wa, míṣọ̀n àti ọsibítù, pé ká jọ máa bi àwọn ìyá ní ìbéèrè wọ̀nyí, ká sì jọ máa wo ìdáhùn wọn. Ìyá míṣọ̀n ló kọ́kọ́ gbà, ó yà mí lẹ́nu. Màtírọ́ọ̀nù kan ló fàáké kọ́rí: "Ṣé aláìsàn ni yóò wá máa máàkì iṣẹ́ wa?" Mi ò bá a jà, ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ti dá nọ́ọ̀sì dúró lójú rẹ̀ rí nítorí ìwé ẹ̀sùn kan, bẹ́ẹ̀ aboyún ju bẹ́ẹ̀dì lọ lóru ọjọ́ náà. Tí a bá sì fi ìdáhùn àwọn ìyá ṣe pàṣán, nọ́ọ̀sì á kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa sọ, gbogbo wọn á tún padà sí "a dúpẹ́".

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. O sọ pé lọ́dọ̀ yín, ìyá àti agbẹ̀bí rẹ̀ á jọ jókòó wo ìdáhùn tirẹ̀, àmọ́ èyí tí gbogbo yín jọ ń yẹ̀ wò láti fi tún iṣẹ́ ṣe kì í ní orúkọ nínú. Jọ̀ọ́, kọ bí ẹ ṣe fẹnu kò fún mi: ta ló ń rí kí ni, ta ló máa pe ìyá tí ìdáhùn rẹ̀ bá bani lẹ́rù, kí sì ni wọ́n máa ṣe tí kò bá gbé fóònù? Bá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí màtírọ́ọ̀nù náà lórí WhatsApp pẹ̀lú, kó gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀bí bíi tirẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la tún máa jókòó.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ṣadé