Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló fara pamọ́ sínú “let”

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè náà, ìyẹn “let”. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ ni pé “jẹ́ kí” ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó dùn mí, nítorí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 sí orí karùn-ún ìwé Ẹ́kísódù. Ní ẹsẹ kìíní, Mósè àti Áárónì jíṣẹ́ fún Fáráò pé kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn Olúwa lọ, “let” sì ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Nígbà tí a óò fi dé ẹsẹ kẹrin, Fáráò ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá àwọn ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ wọn, “let” náà ni a tún bá níbẹ̀! Ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ ti ẹsẹ kìíní lọ sí ẹsẹ kẹrin, òdìkejì ohun tí ọba náà wí ni yóò gbọ́.

Kì í ṣe pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ló yí padà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “lætan” ni kí a fi nǹkan sílẹ̀ tàbí kí a yọ̀ǹda rẹ̀, ìbátan “lassen” tí àwọn ará Jámánì ń lò títí dòní. Láti ara rẹ̀ ni “let” tí wọ́n ń lò fún fífi ilé háyà ti wá. “Lettan” ní tirẹ̀ ni kí a dí ènìyàn lọ́wọ́ tí yóò fi pẹ́, òun àti “late” sì jọ ṣẹ̀ láti orísun kan náà ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìró àwọn méjèèjì di ọ̀kan, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lẹ́nu àwọn tó ni èdè.

Ó ṣì kù síbi mélòó kan. Bí bọ́ọ̀lù ẹni tó ń ṣí eré tẹ́níìsì bá kan àwọ̀n kí ó tó balẹ̀ síbi tó yẹ, “let” ni adájọ́ yóò ké, wọn a sì tún un gbá, nítorí pé àwọ̀n ti dí bọ́ọ̀lù náà lọ́nà. Ó tún wà nínú ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kọjá láìsí ìdènà.

Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè ńláńlá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Mo rọ àwọn tó ń ṣe àwọn kékeré tí ọmọ ilé-ìwé ń lò pé kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín