Ẹ wo rọ́gì mọ́tò yín kí wọ́n tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ọ̀kún o, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé tí omi bá ń dínkù nínú rádíétọ̀ téèyàn ò sì rí ibi tó ń jò sí nílẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì (ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀) ló ti lọ yẹn, ẹ bá mi sọ fún un kó rọra. Àwọn Golf àti Camry àtijọ́ tó ń ná Kàbà, Mópà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀ yìí, hítà ló ń jò nínú òmíràn. Torí oòrùn ibí, a kì í tan hítà, a ti gbàgbé pé ó wà, bẹ́ẹ̀ rádíétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí hóòsì méjì so mọ́ ẹ́ńjìnnì, omi gbígbóná sì ń gba inú ẹ̀ kọjá.

Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ rọ́gì iwájú. Tó bá tutù, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ gbóòórùn ẹ̀. Omi AC mọ́, kò ní òórùn, àmọ́ kuláǹtì, ìyẹn omi tí wọ́n ń bù sí rádíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má gbóná jù, ní àwọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, òórùn ẹ̀ sì ń dùn. Gíláàsì iwájú á tún máa ṣú láti inú, ẹ nù ún títí, ọ̀rá ọ̀rá lẹ máa rí. Kí irú ẹ̀ báni lójú òjò lọ́nà Ọbájànà láàárín tírélà sìmẹ́ǹtì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o.

Mẹkáníìkì á ní kí ẹ jẹ́ káwọn so hóòsì méjèèjì pọ̀, kí omi má gba hítà mọ́. Mi ò bá wọn jà. Láti pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n máa tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, gáàsì AC lè bá a lọ, tí wọ́n bá dá a padà tán nọ́ọ̀tì á ṣì kù nílẹ̀, mọ́tò á wá máa pariwo ní gbogbo gálọ́ọ̀pù, hítà tókúnbọ̀ tí wọ́n sì rà fún yín, ta ló mọ bó ṣe dógùn-ún tó? Ẹni tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ni kó náwó yẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n á so ó tán, wọ́n á tún bu omi kànga sí rádíétọ̀. Omi yẹn náà ló ń jẹ hítà o! Tó bá jẹ ẹ́ tán, rádíétọ̀ ńlá àti pọ́ọ̀ǹpù omi ló kàn. Ẹ ra kuláǹtì gidi, kí ẹ pò ó mọ́ omi dístíìlì ní ìdajì-ìdajì. Omi lásán á hó ní 100°C, àpòpọ̀ yẹn á tó bíi 106, tí ìdérí rádíétọ̀ bá sì dára, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí wọ́n má sì yọ tamọ́sítáàtì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí tó sì ń dí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe gbóná sí, jù sígbó, wọ́n fẹ́ràn ìyẹn jù.

Kuláǹtì tí wọ́n bá tú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ nínú báàfù ní gbangba. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ajá àti ewúrẹ́ á lá a, wọ́n á kú, àwọn aládùúgbò á sì máa fura síra wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Kàbà.