Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ohun tí Ọkà Ń Fà Mu Nínú Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, àwọn ọmọ wòlíì ti ń jẹun kí wọ́n tó figbe ta pé ikú ń bẹ nínú ìkòkò. Èlíṣà kò bá wọn wí pé wọn kò nígbàgbọ́. Ó tètè wá nǹkan ṣe sí i. Májèlé tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í korò lẹ́nu rárá, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í figbe ta.

Bí àwọn èròjà olóró bíi kádímíọ̀mù, òjé tàbí ásẹ́níìkì bá wà nínú ilẹ̀, ìbáà jẹ́ láti ara àpáta, láti ibi ìwakùsà, láti inú omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ tàbí láti ara àwọn ajílẹ̀ kan, gbòǹgbò lè fà á mu títí dé inú ọkà. Ti ìrẹsì le jù ní ti ásẹ́níìkì. Nígbà tí omi bá bo oko mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ilẹ̀, ásẹ́níìkì tó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ a tú sínú omi. Iná ìdáná kì í sì í pa á. Ẹ máa gbàdúrà sórí oúnjẹ yín, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ tún máa bèèrè ibi tí ọkà ti wá.

Létí odò Jinzu lórílẹ̀-èdè Japan, omi ibi ìwakùsà kan gbé kádímíọ̀mù wọ oko ìrẹsì. Àwọn ìyá àgbà ló jìyà rẹ̀ jù. Kíndìnrín wọn bàjẹ́, eegun wọn sì rọ̀ débi pé bí ẹlòmíràn bá wúkọ́ lásán, eegun rẹ̀ lè ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jẹ̀rora kí ìjọba tó gbà ní 1968 pé kádímíọ̀mù ló fà á. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yẹn ń dùn mí: oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n sè. Kádímíọ̀mù tó bá sì ti wọ kíndìnrín lè lo ọdún 10 sí 30 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìrẹsì nìkan jẹ́ oúnjẹ ọmọ lójoojúmọ́. Ẹ fi ọkà mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá se ìrẹsì nínú omi púpọ̀ tí ẹ sì da omi náà nù, apá tó pọ̀ nínú ásẹ́níìkì á bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fítámì kan á bá a lọ pẹ̀lú. Ìrẹsì tí a kò bó èèpo inú rẹ̀ ló máa ń ní ásẹ́níìkì jù. Kí aboyún sì rí i pé èròjà irin tó lára òun, torí ara tí irin kò tó nínú rẹ̀ máa ń gba kádímíọ̀mù sí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má ṣe ta irúgbìn tí a ti fi oògùn pa lára fún jíjẹ, kódà bí ẹ bá fọ àwọ̀ oògùn náà kúrò. Ní Iraq, ní 1971 sí 1972, àwọn èèyàn fi àlìkámà tó yẹ kí wọ́n gbìn ṣe búrẹ́dì. Wọ́n ti fi oògùn tó ní mẹ́kúrì, èròjà olóró mìíràn, pa á lára. Ó lé ní 450 èèyàn tó kú nílé ìwòsàn.

Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà nítòsí ibi ìwakùsà tàbí ilé-iṣẹ́, kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìsìn, kí a jọ wá bí a ó ṣe gbé erùpẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó gbin tọdún yìí.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín.