Omijé Hánà Lójú Fóònù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé ni mo kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí sí, lórí ìfòòró orí ayélujára, ṣùgbọ́n kí bàbá àti ìyá jọ̀wọ́ má ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń wàásù lọ́wọ́, mo rí ọmọbìnrin kan ní ìjókòó iwájú, fóònù wà lábẹ́ Bíbélì rẹ̀. Bí fóònù náà bá ti gbọ̀n, á yọ́ ọ wò, á sì tètè dojú rẹ̀ dé. Inú bí mi. Mo dá ìwàásù dúró, mo bá a wí lójú gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn ló wá bá mi. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn na fóònù náà sí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti dá gúrúùpù WhatsApp kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ya etí ẹran sí i lórí, wọ́n sì fa òun alára wọ inú rẹ̀ kó lè máa fojú ara rẹ̀ kà á. Bó bá jáde, wọ́n á dá òmíràn. Láàárín ìwàásù mi nìkan, ọ̀rọ̀ tó wọlé lé ní 60.

Ó gbà kí n sọ ọ́ fún yín, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ó ní ohun tó dun òun jù kì í ṣe orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe òun. Àmì ẹ̀rín kan ni, èyí tí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì fi sábẹ́ àwòrán náà.

Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìíní, orí kìíní. Orogún ni Pẹnínà àti Hánà, Ẹlikánà ni ọkọ wọn. Pẹnínà bímọ, Hánà kò bí. Ojú egbò yẹn gan-an ni Pẹnínà ń tẹ̀. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí inú lè bí i, ọdọọdún ló sì ń ṣe é bí wọ́n bá ti ń gòkè lọ sílé Olúwa, títí Hánà fi ń sunkún tí kò lè jẹun. Nígbà tí Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìfòòró láàárín ọmọ iléèwé ní àwọn ọdún 1970, ohun tí òun náà fi dá a mọ̀ nìyẹn: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n ń ṣe é léraléra, ẹni tó ń ṣe é sì lágbára ju ẹni tó ń jìyà rẹ̀ lọ. Torí náà, bí ọ̀rẹ́ méjì bá bú ara wọn lẹ́ẹ̀kan, tí ọwọ́ wọn sì dọ́gba, ìjà nìyẹn. Ẹ parí rẹ̀. Ìfòòró yàtọ̀.

Lórí ayélujára, agbára kì í ṣe ti apá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pọ̀, pé wọ́n fi orúkọ pamọ́, tàbí pé àwòrán rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹlòmíràn á sọ fún mi pé, “Pásítọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi í ránṣẹ́.” Ọmọ mi, 40 èèyàn ló tún un fi ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì ayédèrú lórúkọ ẹni, kí wọ́n tú àṣírí ẹni síta, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìhòòhò tí ẹni náà kò yà rí, ìfòòró ni gbogbo rẹ̀. Bí Hánà bá wọ yàrá tó tilẹ̀kùn, ó ṣeé ṣe kó bọ́ lọ́wọ́ Pẹnínà fúngbà díẹ̀. Fóònù ń bá ọmọ dé abẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́dún 2019, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, bi àwọn ọ̀dọ́ ní orílẹ̀-èdè 30 léèrè. Ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní wọ́n ti fòòró òun lórí ayélujára. Ẹnì kan nínú márùn-ún ní òun ti torí rẹ̀ àti ìwà ipá pa iléèwé jẹ. Ẹ wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má fi ìbínú fèsì. Ya àwòrán ojú fóònù náà kí wọ́n tó pa á rẹ́, bùlọ́ọ̀kù wọn, fi wọ́n sùn lórí ìkànnì náà, kí o sì fi han àgbà kan lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ pé ikú yá ju èyí lọ, má bá a pa àṣírí yẹn mọ́ rárá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó wá fẹjọ́ sùn. Ẹ̀rù pé wọ́n á gbà á ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́. Ẹlikánà fẹ́ràn Hánà, síbẹ̀ ohun tó bi í ni pé ṣé òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ìyẹn kò nu omijé kankan. Èmi ní tèmi, Élì, àlùfáà tó rí Hánà níbi tó ti ń gbàdúrà tó sì pè é ní ọ̀mùtí, ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn: mo rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, mo pè é ní aláìmọ̀wàáhù. Mo ti bẹ ọmọ náà, mo sì tún bẹ̀ ẹ́ lójú ìjọ, torí ojú ìjọ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìwọ tí o mọ̀ pé o ti ṣe Pẹnínà sí ẹnì kan, inú gúrúùpù tí o ti bú u ni kí o ti tọrọ àforíjì.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo wà ní ọ́fíìsì, ìyá ìjọ náà á wà níbẹ̀. Kò di dandan kí o sọ̀rọ̀. Kàn na fóònù náà sí wa.