Ẹni Tó Ń Lo Ìkòkò Ló Ń Kọ́ Amọ̀kòkò Níṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí ike àti alumíníọ̀mù ṣe gba ọjà lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò. Òótọ́ ni, mi ò bá yín jiyàn. Ike kì í fọ́, ó fúyẹ́, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo sì lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ sọdá òkun. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ayé ti lu jára, tí àwọn oníbàárà òkè òkun sì ń wá ìkòkò ìbílẹ̀, iṣẹ́ náà ti bọ́ nínú ewu. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi ń mọ ìkòkò, àwọn tó ń rà á ló ń lò ó. Bí ọrùn rẹ̀ bá há jù, wọ́n á padà wá sọ pé ọwọ́ àwọn kò wọnú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Bí ìdí rẹ̀ bá nípọn jù, wọ́n á ní kò tètè gbóná. Ìyá mi á gbọ́, á sì tún èyí tó kàn ṣe. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn wà lára ìkòkò náà bí ọwọ́ ìyá mi ṣe wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń rà á láti ọ̀nà jíjìn kò ní pọnmi sí i. Ó máa gbé e kalẹ̀, á máa wò ó ni. Ẹ rántí Ladi Kwali. Ọ̀gá ni obìnrin náà nínú mímọ àmù kó tó lọ, ní 1954, sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Àbújá ìgbà náà, tó ń jẹ́ Suleja báyìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ohun tó ń dán bí dígí bo àmù rẹ̀, tí wọ́n ń sun ún nínú ààrò tó gbóná kọjá iná ìta gbangba tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ ṣàfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn wò ó, ẹnu yà wọ́n. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú omi inú àmù tutù? Àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ara amọ̀ ni. Omi á máa rin jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbẹ ẹ́, èyí tó kù nínú á sì tutù. Ohun dídán náà ti dí wọn pa. Àmù tí kò lè mú omi tutù mọ́ ló wá gba òkìkí káàkiri ayé. N kò dá Ladi Kwali lẹ́bi láéláé, ìyìn tó gbà tọ́ sí i. Olùrà ló yí padà, iṣẹ́ ìkòkò sì yí tẹ̀ lé e.

Gbígbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn ń yí iṣẹ́ náà padà pẹ̀lú. Ta ló máa gbé orù ńlá wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ní Sejnane, ní Tùnísíà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò (àjọ UNESCO fi ìmọ̀ wọn sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2018), wọ́n ń mọ ọmọláńgidi àti ẹranko kéékèèké pẹ̀lú, ohun tí àlejò lè kì bọ àpò.

Síbẹ̀, mo mọ olùrà kan tó ṣe é dáadáa. Ní 1976, Spencer MacCallum rí ìkòkò mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní ìlú Deming, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Kò sí orúkọ kankan lára wọn. Ó ya fọ́tò wọn, ó sọdá sí Mẹ́síkò, ó ń béèrè láti ibì kan dé ibì kan títí ó fi dé Mata Ortiz, tó sì bá Juan Quezada, ẹni tó ti ara àpáàdì àwọn ará Paquimé, ìlú àtijọ́ kan tó ti di ahoro nítòsí ibẹ̀, kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. MacCallum ń san owó fún un lóṣooṣù kó lè ṣiṣẹ́ láìkánjú. Quezada kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, iṣẹ́ náà sì tàn ká abúlé. Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí pé olùrà kan béèrè pé, "Ta ló mọ èyí?"

Èmi pàápàá ti jìyà àìbéèrè. Mo ra ìkòkò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Nígbà tó dé, mo fi ìka tọ ara rẹ̀, mo bá ilà tó gùn tààrà láti ẹnu dé ìdí, ojú ibi tí abala méjì ẹ̀rọ ti pàdé. Inú bí mi gan-an, nítorí mo mọ iye ọjọ́ tí ìyá mi fi ń gbẹ́ amọ̀, tó ń gún un, tó ń dúró kí ìkòkò gbẹ kó tó sun ún. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1990 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni pé tiwọn ni. Níbi tí kò bá ti sí irú rẹ̀, ojú àti ìbéèrè olùrà nìkan ló kù fún amọ̀kòkò.

Èyí ló mú mi padà sórí àwòrán tí ẹ tẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ yín. Ẹ kọ "ìkòkò ìbílẹ̀ tó ní ọnà ihò lára" sábẹ́ rẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá orúkọ náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ sì bá mi tún ìyókù ṣe: ajere ni, omi ló ń gba ojú ihò yẹn ro jáde.

Èmi ni,
Ọmọ amọ̀kòkò