Ta Ni Wọ́n Ń Gbà Gbọ́ Nílé Ìwòsàn?

Sí Olóòtú,

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àìdọ́gba nínú ètò ìlera bá jẹyọ nínú ìwé ìròyìn, orí owó la máa ń parí rẹ̀ sí. Olówó rí ìtọ́jú, tálákà kò rí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Láti ọdún 1971 ni dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn awakùsà ní Wales, Julian Tudor Hart, ti kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, pé ibi tí àìsàn pọ̀ sí jù ni ìtọ́jú gidi ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn owó. Ènìyàn lè rówó san, kó dé iwájú dókítà, kó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n má sì gbà á gbọ́.

Ẹ wo Serena Williams, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gba bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Olówó ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣiṣẹ́ jẹun nígbà náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2017. Lọ́jọ́ kejì, kò lè mí dáadáa mọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, torí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí ní 2011. Ó ní kí wọ́n fi CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ òun wò, kí wọ́n sì fún òun ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á lórí rú. Ẹsẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí obìnrin náà kò gbà ni wọ́n tó wo ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tí kò lórúkọ, tí kò sì lẹ́nu bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè kan náà yẹn, tí a bá ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ọmọ tí wọ́n bí, ikú abiyamọ láàrin àwọn obìnrin dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn funfun.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í ṣe ìkà, mo sì mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe le tó. Ohun tí wọ́n ti gbà sọ́kàn kí aláìsàn tó dé ni mò ń sọ. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Virginia bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ léèrè. Nǹkan bí ìdajì wọn ló gba irọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ nípa ara ènìyàn dúdú, irú bíi pé awọ wọn nípọn ju ti funfun lọ. Àwọn wọ̀nyí náà ló ń fojú kéré ìrora aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀rọ pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ara kọjá, àwọ̀ ara sì lè ṣì í lọ́nà. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine ní December 2020 wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ yìí fi hàn pé ọ́síjìn wọn wà láàrin 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tààrà, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ dé ibi tó léwu nínú ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò àwọn dúdú. Ti àwọn funfun jẹ́ 3.6. Ẹ rántí pé àkókò kòrónà nìyẹn, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọn yóò dá dúró àti ẹni tí wọn yóò ní kó máa lọ ilé. January 2025 ni FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, tó gbé àbá ìlànà jáde pé kí àwọn tó ń ṣe é máa dán an wò lára onírúurú àwọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan. Adití ń bẹ tí kò rí ẹni tó lè bá a fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ àrùn ọpọlọ sínú fáìlì rẹ̀ á ní àyà ń dun òun, wọ́n á ní ìrònú ni. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ló ń ṣe arúgbó.

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Tí aláìsàn bá béèrè àyẹ̀wò kan, tí wọ́n sì kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé wọ́n kọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀, kí ẹni tó kọ̀ sì buwọ́ lù ú. Bákan náà, ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ àsìkò tí aláìsàn dé àti àsìkò tí wọ́n dá a lóhùn. Kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tí aláìsàn jẹ́, kí a lè rí àwọn tó ń dúró pẹ́ jù. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, nígbà tí ẹ bá tún lọ bá àwọn aláṣẹ ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí wọ́n bá ní àwọn kò ní i, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan lára àwọn òǹkàwé yín